Ìka Ọ̀gá Làmídì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ẹnì kan ṣoṣo, ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwa Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Aramọkọ ni mo wà, mò ń ṣe mẹkáníìkì katapíla àti gíréda. Ọ̀gá Làmídì, ọmọ Ìkirè tó ti di ará Aramọkọ, ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ti gba fírídọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n a ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ò kàwé o! Síbẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ń ké, á dúró lókèèrè, á sọ ohun tó ń ṣe é.

Kọ̀ńgílá tó ń ṣe ọ̀nà Ẹrìò ní kí ẹnì kan nínú wa lọ ṣe kọ́ọ̀sì haidirọ́líìkì, bí agbára ọ́ìlì ṣe ń gbé irin ẹ̀rọ, n'Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ o, ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ni. Ọ̀gá ní kí n lọ, pé ojú òun ò gba ìwé.

Olùkọ́ wa níbẹ̀ ní tí ihò bíńtín bá wà lára hóòsì, ìyẹn rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ọ́ìlì tó ń tú jáde lè gún èèyàn bí abẹ́rẹ́ dókítà. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ dunni, àmọ́ ọ́ìlì ti wọnú ẹran ara nìyẹn, ó ti ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ó ní páálí ni ká máa fi wá ibi tó ń jò, ká má fi ọwọ́ wá a láéláé. Ẹni tó bá sì gún, kó gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wò ó, ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń wá a! Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀gá mi nìyẹn, bó ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé, irin iwájú katapíla kan ò gbéra dáadáa mọ́. Ínjíníà kọ̀ńgílá dúró tì wá, àwọn dẹ́rẹ́bà náà dúró. Ọ̀gá ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sábẹ́ hóòsì, ó ń fi ìka wá ibi tó ń jò.

Mo rí i. Páálí wà nínú ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ wa, ọmọọṣẹ́ kì í tọ́ ọ̀gá sọ́nà lójú kọ́sítọ́mà. Ṣé kí n wá di ẹni tó lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta, tó dé, tó ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀ níṣẹ́? Mo panu mọ́.

Ó fa ọwọ́ yọ lójijì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní nǹkan ta òun. Ojú ibẹ̀ kò ju ojú ẹ̀gún lọ. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó pààrọ̀ hóòsì, gbogbo wọn yìn ín. Nínú ọkọ̀, ó ń ṣàwàdà bọ̀. Ojú wá ń tì mí láti sọ pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà ti wú dé ìgúnpá. A gbé e lọ sí Adó. Dókítà bèèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀, a ní àná, ó mi orí. Wọ́n gé ìka méjì.

Nígbà tó lajú, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sógiri.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ẹ̀rìjìyàn, ti wọlé bá wa. Ó wò mí tìkà-tìkà: "Délé, ìwọ tí wọ́n rán lọ kọ́ uṣẹ́ n'Ìbàdàn! Ṣé o ò mọ̀ ni, àbí o mọ̀, o dákẹ́?"

Kí n tó lanu, Ọ̀gá ti yíjú padà.

"Má bá a wí. Ó sọ fún mi. Èmi ni mo ṣorí kunkun."

Ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Títí ó fi kú, ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ká ní ọkọ òun gbọ́ tèmi ni. Màá sì dorí kodò.

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi gbọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì gbé ọgbọ́n mì. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá mọ ohun tó lè gba ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún là, ẹ sọ ọ́, kódà kí wọ́n pè yín ní aláfojúdi. Ṣé ẹ̀yin náà ti dákẹ́ rí níbi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀rọ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa. Èmi ò rẹ́ni bẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ti lọ.