Ẹja Tó Lóyún ní Ilé Wa

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí òmùgọ̀ ṣe lè pọ̀ tó nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ gbé ẹja tó lóyún wọ inú rẹ̀. Mo fojú ara mi rí i ní Ìsọlọ̀, nínú ilé tí mo háyà yàrá sí lẹ́yìn Àgọ́ Palace.

Ìyàwó tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ló ra àkurákudà kékeré kan, ẹja òkun tí òyìnbó ń pè ní shark, ní Òṣòdì. Ibi ẹ̀rọ omi ló ti là á nínú, ló bá figbe ta. Gbogbo ilé tú jáde. Èmi náà jáde, torí tíṣà bàọ́lọ́jì náà fẹ́ràn ìran wíwò. Àwọn ọmọ ẹja ló wà nínú ìyá wọn, wọ́n pé láti orí dé ìrù, ìwọ́ sì so kálukú mọ́ ìyá.

Ìyá ọkọ ìyàwó náà, tó wá kí wọn láti Ọ̀yọ́, rí ìwọ́ yẹn, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ọmọ-ọmọ mi tí mo ń retí ni wọ́n kó sínú ẹja! Ìyàwó yìí ò ní sun ibí lónìí. Kó padà sílé bàbá ẹ̀, kí wọ́n lọ wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Lánlọ́ọ̀dù wa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ikùn síwájú. "Kò sí ẹja tó ń bímọ láyé yìí. Ẹyin ni gbogbo wọn ń yé."

Àánú àwọn ọmọ tó ti kọ́ ṣe mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tirẹ̀ tún wá ń mú un bá ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ṣàlàyé. Mo ní irú ẹja yìí kì í yé ẹyin. Inú ló ti ń gbé ọmọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìwọ́ yẹn ló sì ń gbé oúnjẹ fún wọn, bíi ti ọmọ ènìyàn. Tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bá súnmọ́, á wá sí etí òkun níbi tí omi ò ti jìn, kí ẹja ńlá má baà rí ọmọ rẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀n apẹja wà. Ọmọ rẹ̀ ò pọ̀, wọn kì í sì í tètè dàgbà, nítorí náà pípa aboyún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdánù kékeré.

"Tíṣà, ìwé ti dà ẹ́ lórí rú," ni lánlọ́ọ̀dù wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo kórìíra gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, pàápàá ọkọ, géńdé tó fẹ̀yìn ti ògiri tó ń tẹ fóònù, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń di ẹrù ìyàwó rẹ̀ sínú báàgì. "Mọ́mì, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́," ló ń wí. Jẹ́jẹ́! Àfi bí ẹni pé ẹyin ni ìyá ń kó.

Ìyàwó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ṣanwọ́.

"Mọ́mì, ẹja yìí ò dá oyún ní. Ó rí akọ. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún mi, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Dókítà ní kí ọmọ yín náà wá ṣe tiẹ̀. Àmọ́ ọmọ yín ní ọkùnrin kì í ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀."

Ìyá dúró tòun ti ìró ìyàwó lọ́wọ́. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ọkọ ò gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ló bá da ẹrù inú báàgì síta.

"Lọ wọ bàtà ẹ," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ọsibítù ò tíì tì."