Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù Fẹ́ràn Jù

Gbogbo àwa tí a ń tẹ̀wé níwájú kóòtù ní Igbóṣéré la mọ̀ pé "domineering" ni ọ̀rọ̀ òyìnbó tí Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù fẹ́ràn jù. Obìnrin tó bá wá kọ̀wé ta ko ọkọ rẹ̀, dandan ni kí ọ̀rọ̀ náà wọ ìlà kẹta. Bọ̀ọ̀dá, ọlọ́gbọ́n wa, á sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó ń jẹ gàba lórí ẹlòmíràn ni, tí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè, òun ni yóò dáhùn. Bí oníbàárà bá fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá á ní kó dákẹ́, òun ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Àdìjátù ni ìyàwó Bọ̀ọ̀dá. Ìyá tó bí i kú, ìsọ̀ tí ìyá náà ti ń ta edé ní ọjà Sandgrouse sì ṣófo. Àdìjátù fẹ́ ìsọ̀ náà bí ẹní máa kú. Bọ̀ọ̀dá lọ sọ fún ìyálọ́jà pé ìyàwó òun kò fẹ́ ẹ. Kò bi ìyàwó. Ta ló ráyè ìyẹn? Àdìjátù gbọ́, ó sáré lọ bá ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà ní bí Àdìjátù kò bá mú ìwé ìbúra wá di Jímọ̀ pé òun fẹ́ ẹ, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àdìjátù dé. Kò wá sọ́dọ̀ mi, tábìlì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà Bọ̀ọ̀dá títí ó fi kàn án. Ó ní òun wá ṣe ìwé ìbúra, pé ọkọ òun lọ gba ẹnu òun sọ ohun tí òun kò sọ. Bọ̀ọ̀dá wo àwọn èèyàn tó ń retí, ojú tì í láti lé oníbàárà, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ yín yẹn sí ìlà kẹta," ni Àdìjátù wí.

Lọ́dọ̀ wa, a gbọ́dọ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè kí ẹni tó ni ín tó buwọ́ lù ú. Bọ̀ọ̀dá ń kà á, ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀. Àdìjátù ní kó gbé e sókè. Nígbà tó dé ìlà kẹta, màmá kan tó jókòó síbẹ̀ bi í ní ìtumọ̀. Ọlọ́gbọ́n wa bẹ̀rẹ̀ sí í tún bébà rẹ̀ tò. Màmá náà wá bi Àdìjátù pé irú ọkọ wo ló ní.

"Ẹ bi wọ́n," ni Àdìjátù wí. "Àwọn ló máa ń bá mi dáhùn."

Inú mi dùn débi pé mo tẹ orúkọ oníbàárà tèmi ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ ra edé lọ́wọ́ Àdìjátù ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ló bá a gbé àpò dé. Mo kí Àdìjátù, mo bi í bóyá ọjà ń lọ. Bọ̀ọ̀dá la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, Bọ̀ọ̀dá sì pa ẹnu náà dé. Àdìjátù fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ọjà ń lọ dáadáa.