Etí Ta Ni Alága Ń Lò?

Baba Onère ti kú. Eruku símẹ́ńtì tó ń fà símú láti ìgbà èwe ló di ikọ́ sí i láyà, ikọ́ náà ló sì pa á. Lọ́jọ́ tí a ń gbé e lọ sin, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ òkú dúró níwájú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, ó ní ká gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Kí ló dé? Wọ́n ń fọ ère. Ère wo? Ère alága àkọ́kọ́, tí Baba Onère fọwọ́ ara rẹ̀ mọ! Wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ símẹ́ńtì, wọ́n ní kí òkú ẹni tó mọ ọ́n yàgò lọ́nà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Baba Onère kì í rìn jìnnà kó tó rí ohun tó máa mọ. Kìnnìún símẹ́ńtì tó yanu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé yẹn, onílé Baba ló ń yán níbẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un kì í bínú.

"Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "ṣé ojú kọ́ ni wọ́n ń wò? Ojú ni tiwọn. Etí ni tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi nígbà náà.

Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ère alága yẹn tẹ́lẹ̀, ó kéré, ó sì mọ́ níwọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún ère kùn, wọ́n fi símẹ́ńtì dí orúkọ náà pa, wọ́n wá kan pátákó dídán mọ́ ọn, orúkọ alága tó wà lórí àga lónìí ló wà níbẹ̀ gàgàrà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó wẹ ọmọ ti di ẹni tó bí i. Baba lọ bá wọn títí ikọ́ kò fi jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn wọn mọ́. Kò bèèrè ju pé kí wọ́n dá orúkọ òun padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Àwọn òṣìṣẹ́ wa ló mọ ère yẹn."

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "dìde, ká jọ lọ wò ó."

A dúró lórí àtẹ̀gùn, níbi tí orí wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ère dọ́gba. Màmá ṣí ìborí rẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ya láti ihò yẹtí dé ìsàlẹ̀. Etí òsì alága náà ya, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yí lọ wo etí ọ̀tún: ihò yẹtí rèé, roboto. Alága, akọni ọkùnrin, onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́!

"Àkọ́bí wa ló fa yẹtí já níbi tó ti ń mu ọmú," ni Màmá wí. "Ọkọ mi sunkún jù mí lọ. Ó di etí náà mú, símẹ́ńtì tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á gbé e síbi tí gbogbo ìlú á ti máa tẹrí ba fún un."

Akọ̀wé wo ère, ó wo Màmá, ó ní ìpàdé ń dúró de òun. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti wọlé. Màmá dá ìborí padà, ó ní ká máa lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ kù. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n dí orúkọ Baba Onère? Ṣé ọ̀dà ló pàṣẹ fún ara rẹ̀ ni? Ẹ dárúkọ ẹni náà fún wa. Kó jáde ní ọ̀sán gangan, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ símẹ́ńtì yẹn kúrò, kí Màmá máa wò ó títí orúkọ ọkọ rẹ̀ á fi yọ.

Tí ẹ bá kọ etí ikún, kò burú. Yẹtí kejì, èyí tí kò já, ṣì wà nínú àpótí Màmá. Etí ọ̀tún alága ṣì ní ihò. Àkàbà wà nílé mi.