Òjò Kejì àti Ẹbìtì Bàbá Mosún

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Houston níbí, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún tí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà ò tíì lù. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. Òórùn koríko tútù láti pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró díẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

A ti dé orí títì márosẹ̀ kí Tèmi, ọmọ ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́wàá, tó béèrè ohun tó ti ń rò bọ̀. Ìdajì Yorùbá, ìdajì Gẹ̀ẹ́sì ló fi gbé e kalẹ̀.

"Grandma, ṣé lóòótọ́ ni pé eku inú igbó kì í bímọ mọ́ tí ọjọ́ bá ti kúrú? Tíṣà wa ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní òótọ́ ni. Ó yẹ kí n mọ̀. Ó lé lógún ọdún tí mo fi tọ́jú eku pápá ní yàrá ìwádìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Yàrá méjì la ní. Oúnjẹ kan náà ni eku inú méjèèjì ń jẹ, ooru kan náà ló ń mú wọn. Iná nìkan ló yàtọ̀. Nínú yàrá kan, iná máa ń pẹ́ kó tó kú, bí ọjọ́ ṣe ń gùn níbí nígbà ooru. Nínú ìkejì, ó ń tètè kú, bí ọjọ́ ìgbà òtútù. Kò ní pẹ́ tí àwọn eku inú yàrá kejì kò fi ní lóyún mọ́, tí àwọn akọ wọn kò tilẹ̀ ní bojú wo abo. Ara wọn ti ka ọjọ́, ó ti mọ̀ pé òtútù ń bọ̀, pé ọmọ tí a bá bí sínú òtútù kò ní rí jẹ.

Ohun tí n kò sọ fún Tèmi ni pé kí n tó wọ yàrá yẹn rárá, ẹnì kan ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ náà, àti pé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọmọ ẹni náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní abúlé wa ní Òkè-Ògùn, ilé wa àti ti Bàbá Mosún sún mọ́ra débi pé èéfín ilé ìdáná wọn ló ń jí wa. Mosún àti èmi jọ ń lọ sódò, a jọ ń lọ sílé ìwé, a sì jọ ń pín bàtà kan ṣoṣo: tí ó bá wọ̀ ọ́ lónìí, èmi ni lọ́la. Ẹsẹ̀ mi tóbi ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà ọjọ́ tó bá kàn mí ni bàtà náà máa ń sunkún.

Àgbẹ̀ ni Bàbá Mosún, ṣùgbọ́n ẹbìtì làwọn èèyàn fi mọ̀ wọ́n. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó gbé e dúró, àti ẹyìn pupa kan lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹmọ́, eku inú koríko tí ẹran rẹ̀ dùn ju adìẹ lọ, bá fẹnu kan ẹyìn náà, ó parí. Jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí òwúrọ̀ tí wọn kì í mú méjì mẹ́ta wálé. Ṣùgbọ́n tí òjò kejì ọdún bá ti rọ̀ tí koríko sì ń yọ, wọ́n á yí oko ká, wọ́n á tú gbogbo ẹbìtì náà, wọ́n á di àwọn igi rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi há àjà. Wọn ò ní dẹ òmíràn títí àgbàdo yóò fi gbẹ. Tí àwọn ọkùnrin abúlé bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti bá eku mulẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Igbó ti lóyún. Ẹ jẹ́ ó bí."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Ìyá Mosún ń ṣàìsàn. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ ti dá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, apá wọn ti rí bí igi ìdáná. Wọn ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ẹnu àwọn ń fẹ́ ọbẹ̀ ẹmọ́. Òjò kejì ti rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Bàbá Mosún jókòó tì wọ́n lórí ẹní, wọ́n mú ọwọ́ ìyàwó wọn dání.

"Ní sùúrù fún mi. Màá pa adìẹ."

Wọ́n pa á lóòótọ́. Ìyá Mosún tọ́ omi ọbẹ̀ náà wò, wọ́n sì rọra gbé àwo sílẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá. "Mosún, jẹ́ ká dẹ ẹyọ kan péré. Bàbá ò ní mọ̀."

"Wọ́n ti ní ká má dẹ ẹ́."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

A yọ igi mẹ́ta nínú àwọn tó wà ní àjà, a dẹ ẹ́ sẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ẹmọ́ kan wà lábẹ́ òkúta náà, ikùn rẹ̀ yọ róbótó. Inú wa dùn. A rò pé ọ̀rá ni. Nígbà tí Mosún fi ọ̀bẹ là á ní ilé ìdáná, ọmọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n pọ́n, ojú wọn dì, bí ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ibi tí a dúró sí tí à ń wò wọ́n ni Bàbá Mosún ti bá wa.

"Ta ló dẹ ẹ́?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀bẹ náà. Mosún ní, "Èmi ni, Bàbá."

Wọn ò nà án. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ní kó tẹ́ ẹmọ́ náà síbẹ̀, ìyá àti ọmọ. "Òjò ló gbẹ́kẹ̀ lé," ni wọ́n wí. "Ó gbà pé oúnjẹ ti dé." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ojú wọn ò kúrò lára ìlẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó wọn wà.

Ìyá Mosún kú kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Mosún wá bá mi lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ gbẹ, ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé nítorí eku yẹn ni?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo bẹ̀rù pé tí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo òtítọ́ á jáde, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Kí oṣù náà tó parí, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí Ṣakí. Bàtà náà di tèmi lójoojúmọ́. Bàbá Mosún ò sì dẹ ẹbìtì mọ́ láti ọdún náà.

Ìwé ló gbé mi dé Houston, iṣẹ́ ló dá mi dúró síbẹ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò nínú yàrá eku, mo dúró níwájú àwọn àgò tí kò sí ọmọ nínú wọn, mo sì rí i pé ohun tí àwọn ọ̀gá mi ń fi ẹ̀rọ wọ̀n, ojú lásán ni bàbá ọ̀rẹ́ mi fi mọ irú rẹ̀. Nílé, ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú, òjò ni eku ń wò. Níbí, ìmọ́lẹ̀ ni. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ó tó ọdún méjì tí obìnrin ará Ṣakí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti fún mi ní nọ́ńbà Mosún. Mi ò pè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìbéèrè Tèmi, mo pè é.

Nígbà tí a kíra tán, mo ní, "Mosún, èmi ni mo ní ká dẹ ẹbìtì yẹn."

"Mo mọ̀. Ṣebí mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi ní ìwọ ni?"

"Bàbá mi ni wọ́n. Wọn ò lè lé mi nílé. Bàbá tìẹ, ẹgba ni wọn ì bá fi bá ọ sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ tó ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe nítorí eku yẹn. Ikọ́ ló pa Màmá. Mo mọ̀ nígbà yẹn náà, ẹ̀rù ló bà mí."

Mosún ní, "Èmi náà mọ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ṣùgbọ́n títí tí mo fi bí àkọ́bí mi, mi ò lè fẹnu kan ẹran tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "O ṣeun tí o sọ ọ́."

Oko tí Bàbá Mosún ń dẹ ẹbìtì sí ti di ilé báyìí, ó sọ fún mi. Oògùn làwọn èèyàn fi ń pa eku tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, wọn ò mọ ìgbà tí igbó lóyún. Níbí, iná títì ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán mọ́, síbẹ̀ àwọn eku pápá ń gbìyànjú láti ka ọjọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà lójú mi. Ohun kan wà tí mi ò rí i kó yí padà, ní Òkè-Ògùn tàbí ní Houston: ọmọ tó bá ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ẹ dá a lóhùn.