Etí Tí Ehoro Fi Ń Jẹun

Ehoro ni wọ́n máa ń pe ọkùnrin tó ń ṣe hẹ́dífóònù tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn o. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí wáyà kan bá fẹ́ já nínú hẹ́dífóònù, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, nítorí ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ, àti nítorí pé òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fetí sí nǹkan.

Ọmọ káfíńtà ni. Igi ló fi ń gbẹ́ ife méjèèjì tó ń bo etí lára hẹ́dífóònù tó ń ṣe, á fi sáńpépà ha á títí ọwọ́ á fi máa yọ̀ lórí rẹ̀. Sípíkà kékeré tó wà nínú rẹ̀, rírà ló ń rà á, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń tò ó. Á fi fóòmù dí ibí, á lu ihò sí ọ̀hún, á gbé e sórí, á gbọ́ orin kan ṣoṣo, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún lu ihò mìíràn. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn olùṣe mìíràn fi ń wọn ohùn, tó máa ń ya ìlà rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ra ọ̀kan. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ló máa gbé e sórí lọ sílé ni?"

Ṣọ́ọ̀bù tèmi kò ju yàrá kan lọ: àga onítìmùtìmù méjì, kọ́tìnì tó nípọn tí kì í jẹ́ kí ariwo títì wọlé, àti ìṣó mọ́kànlélógún lára ògiri tí àwọn hẹ́dífóònù kọ́ sí. Òfin wa ò pọ̀. Oníbàárà á mú orin tirẹ̀ wá, èyí tó mọ̀ dunjú. Mi ò ní sọ iye tí mò ń tà á kó tó gbọ́ ọ tán. Bó bá ń fi méjì wéra, ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń dùn létí òpè. Òfin kan tún wà tí ẹnì kankan ò kọ sílẹ̀: a kì í bú iṣẹ́ lójú ẹni tó ṣe é. Bí kò bá wù ọ́, wàá kàn sọ pé, "Mo ṣì ń fetí sí i ná," wàá gbé e padà kọ́, gbogbo wa á sì ti mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí la pè é. Ojú mi ti wá rí i pé ìwà ọmọlúàbí náà lè ba ayé èèyàn jẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin aránṣọ kan, tó ti ra iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wá gbọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò tíì gbé e sórí tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ ọ́, tó ń fọwọ́ ra etí.

"Mo ṣì ń fetí sí i ná," ló wí.

"Àǹtí, èmi àti ẹ̀yin ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Ó ń gún mi létí. Gbogbo ibi tí olórin yẹn bá ti pe 'sí', bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún mi ni."

Mo gbé e sórí. Òótọ́ ló sọ. Ohùn ìsàlẹ̀ dára, ohùn àárín dùn bó ṣe máa ń dùn, ṣùgbọ́n ohùn tín-ín-rín tó wà lókè ti mú ju abẹ lọ. Mo rò pé sípíkà burúkú ni wọ́n tà fún Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ èkejì, mo gbọ́ ẹ̀kẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Yàrá ẹ̀yìn ló fi ṣe ibi iṣẹ́, ògiri kan ló wà láàárín òun àti ilé ìdáná. Ó ń ha igi lọ́wọ́, kò wọ hẹ́dífóònù kankan sórí. Wọ́n gbé kẹ́tùlù sórí iná, irú èyí tó máa ń súfèé bí omi bá ti hó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n ń wo igi rẹ̀. Ó súfèé títí ó fi fẹ́ ya mí ní wèrè. Nígbà tó yá, èmi ni mo dìde lọ pa iná. Mo padà, ó gbójú sókè, ó ní, "Àbí òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ni? O ò bá sọ fún mi."

Ọkùnrin tó ń fi etí jẹun, báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún un pé etí ń lọ? Mo mu omi tí mi ò fẹ́ mu, mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ.

Àwa tí a fẹ́ràn hẹ́dífóònù ní ọgbọ́n kan. Bí ohùn òkè bá mú jù, a máa ń gé tíṣù roboto, a ó tẹ́ ẹ síwájú sípíkà, lábẹ́ tìmùtìmù tó ń kan etí. Ohùn náà á rọ̀. Ẹni tí kò bá yọ tìmùtìmù yẹn ò lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gé tíṣù, mo tẹ́ ẹ sí ti Ẹ̀gbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ padà wá, ó gbọ́ ọ, ó rà á. Inú rẹ̀ dùn dénú. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Ehoro o. Etí rẹ̀ ò ní di láéláé." Èmi náà ṣe àmín, láìtijú.

Mo jíṣẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n bó ṣe rán mi. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni mò ń ṣe. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín: àánú nìkan kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fa èèyàn láti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ mi. Bí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́, ta ni wọ́n tún ń wá wò níbẹ̀? Ojú mi?

Nígbà tí ìyìn ò dáwọ́ dúró, òun náà ò dáwọ́ dúró. Ohùn òkè tí kò gbọ́ mọ́, ó ń fi kún un kó lè gbọ́ ọ. Tíṣù ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni bó ṣe ń yí ohùn sókè bó bá ń ṣiṣẹ́. Kí n tó wọlé, láti ẹnu ọ̀nà, ni mo ti ń gbọ́ orin tó wà lórí rẹ̀. Láti àárọ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi máa ti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ dé ló máa ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé irú ariwo yẹn ń jẹ etí run. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n yí i wálẹ̀! Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, màá kí i, màá gba èyí tó ti ṣe tán, màá lọ gé tíṣù. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Olùkọ́ ìṣirò kan, tó ti ra tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi, fẹ́ ra òmíràn fún àbúrò rẹ̀. Ó gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ tààrà lọ́jọ́ Sátidé kan, torí Ẹ̀gbọ́n máa ń gba àlejò tó bá fẹ́ rà lọ́wọ́ olùṣe. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Olùkọ́ gbé tuntun sórí, ó yọ ọ́, ó mú tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó gbọ́ ọ, ó tún gbé tuntun sórí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ tìmùtìmù ara hẹ́dífóònù méjèèjì, ó wo inú wọn.

"Bàbá, ẹ ti gbàgbé láti fi tíṣù sí èyí," ló wí.

"Tíṣù wo?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà méjì wà lórí àga. Kò kí ẹnì kankan. Mẹ́fà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lára ògiri. Ó kó wọn wálẹ̀, ó fi èékánná yọ tìmùtìmù wọn, ó ń to tíṣù sórí káńtà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà rọra dìde, wọ́n jáde.

"Ta ló ń gé e?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó rí roboto dáadáa. Kí lo fi ń gé e?"

"Ìdérí ike ni mo máa ń gbé lé e."

Ó mi orí, bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó rí iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀kan tó ní tíṣù mẹ́ta, àti ọ̀kan tí kò ní, kí n sì jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba. Ó gbọ́ èyí, ó gbọ́ ìyẹn. Ó tún ṣe é. Ó dijú, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bó ṣe la ojú, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò mọ ìyàtọ̀," ló wí. "Àbúrò, mi ò mọ ìyàtọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Òun kò sunkún. Ó jókòó síbẹ̀ títí dọ̀sán.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ìyàwó rò pé èmi ni mo ṣàkíyèsí pé ọkọ òun kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́, tí mo sì rọ̀ ọ́ kó wá. Ẹ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dókítà ní ohùn ìsàlẹ̀ ṣì kù díẹ̀, pé bí èèyàn bá dojú kọ ọ́ tó sì rọra sọ̀rọ̀, ó ṣì lè gbọ́. Ti òkè ti tán. Ìyàwó bi í pé, "Dókítà, ká ní ó ti wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Èyí tó ti lọ nígbà yẹn ò ní padà," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ká ní ó ti dáwọ́ ariwo yẹn dúró nígbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó lọ lẹ́yìn rẹ̀ ò ní lọ."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tẹ̀ lé àwọn wá.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Kò ṣe hẹ́dífóònù mọ́. Àpótí ìjókòó ló ń kàn, àwọn tó ń gbé ládùúgbò ń rà á. Mo máa ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé, ìyàwó rẹ̀ á gbé omi tútù síwájú mi. Á ní, "Ìwọ nìkan lo kù nínú gbogbo àwọn tó ń yí i ká. Ọlọ́run á san án fún ọ." Omi yẹn kì í lọ lọ́fun mi. Mo ń bẹ̀rù kí Ọlọ́run má lọ gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ìyàwó ń fọ abọ́ nílé ìdáná. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹ̀rúnrún igi níwájú Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

Ó gbé etí sọ́dọ̀ mi. "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ dárí jì mí."

"Sọ̀rọ̀ sókè. Ṣebí o mọ̀ pé etí mi ò dáa."

Mo bá pariwo. "Mo mọ̀ pé etí yín ń lọ! Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún yín! Mò ń fi pamọ́ kí ọjà mi lè máa tà! Ẹ dárí jì mí!"

Ìyàwó rẹ̀ ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lo sọ yẹn?" ló bi mí.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo tún un sọ, torí kò sí bí mo ṣe lè yí i padà. Kò bú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ife omi tó ti gbé síwájú mi, ó sì gbé e padà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ti mú sáńpépà rẹ̀, ó ti ń ha igi lọ.

"Nígbà àkọ́kọ́ tó o sọ ọ́ ni mo ti gbọ́ ọ," ló wí, kò gbójú sókè. "Ìyàwó mi ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."