Ọjọ́ Tí Òtútù Kú Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Abo ẹtù kan, ogójì fráǹkì ni wọ́n ń tà á ní ọjà Bassila lọ́dún tí mò ń wí yìí. Bí ẹnu èèyàn bá mú díẹ̀, á rà á ní márùndínlógójì. Ẹnu tèmi mú. Òórùn ọjà náà ṣì wà ní imú mi: irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, òrí tí oòrùn ń yọ́ nínú igbá, ìgbẹ́ ẹyẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa. Àwọn Anii tó ni ìlú ń tà, àwa ará Manigri ń rà, a ó kó ẹyẹ sínú àgò, a ó sì gbé e gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Dásá níbi tí rélùwéè ń gbà kọjá. Mo di ẹtù kan mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mò ń sọ fún ẹni tó ni ín pé ẹyẹ rẹ̀ rù bí agbowó-orí tí wọ́n lé níṣẹ́, nígbà tí awakọ̀ kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé wọ́n rán òun sí mi láti Abijáàn.

“Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a jáde,” ó wí. “Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ rí i láàyè, kí ẹ wá mú un.”

Mo ṣì ná ẹtù náà tán kí n tó kúrò níbẹ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn burúkú kì í dín owó ẹyẹ kù.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún méje ní Abijáàn, ó ń ru àpò kọfí sínú ọkọ̀ ní èbúté. Ọdún méje yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jókòó ti òfì ní Manigri, tó ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn débi pé òjò gan-an á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Sòbìà ti mú un lẹ́sẹ̀ lákòókò náà, kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà ilé bá ní èmi tí mo mọ ojú ọ̀nà ni kí n lọ, bí ẹni pé ọjà ẹtù àti Abijáàn jọ pín ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi yọ kíjìpá mẹ́ta nínú èyí tó hun, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

“Òtútù á mú un lójú omi,” ó wí. “Fi bò ó. Bó bá wà láàyè, mú un wá. Bí kò bá sí láàyè, mú un wá náà. Ilẹ̀ ni kí o gbé e fún.”

Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn. Nílé wa, ẹni tí ilẹ̀ kò gbà, bí ẹni tó ṣì wà lójú ọ̀nà ni. Opó rẹ̀ kì í mọ ọjọ́ tó yẹ kó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í mọ ibi tí wọ́n á kúnlẹ̀ sí.

Ní Abijáàn, mo bá a lórí ẹní nínú yàrá kan tí èèyàn mẹ́sàn-án ń sùn sí. Ó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyókù rẹ̀ wà níbẹ̀.

“Oníṣòwò,” ó ní, “èló lo máa tà mí?”

“Ta ni yóò rà yín, ẹ̀gbọ́n? Egungun ò lówó lórí lọ́jà wa.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ dá, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. “Má jẹ́ kí wọ́n jù mí sómi,” ó wí. “Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Mo dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tí yóò jù ú síbì kankan. Ẹnu oníṣòwò yá láti ṣèlérí ọjà tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ padà sí Kútọnú ga ju ilé èyíkéyìí tí mo ti rí rí lọ. Àwọn òyìnbó tó ń gbafẹ́ kiri etíkun ló wà lókè, pẹ̀lú orin, ijó, àti ọtí tí yìnyín ń léfòó lójú rẹ̀. Àwa wà nísàlẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, àwa, àwọn ewúrẹ́, òórùn epo ẹ̀rọ àti ti èébì. Kò sí fèrèsé. Gílóòbù méjì la fi ń mọ̀ pé ojú wa ṣì là, abẹ̀bẹ̀ irin ńlá kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa láti inú ihò lára ògiri. Kùráǹ ni wọ́n ń pe iná mànàmáná tó ń mú gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo bi alásè ọkọ̀ náà léèrè, ọmọ Ṣábẹ̀ tó gbọ́ èdè wa, pé níbo ni kùráǹ náà ń gbé. Ó ní inú ẹ̀rọ. Mo ní ta ló ń fún un lóúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àtìgbà náà ló sì ti ń pè mí ní ìyá òun.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orí rẹ̀ lórí itan mi. Mo rò pé ó sùn, mo tilẹ̀ ń lé eṣinṣin fún un.

Alásè ló lọ bá mi bẹ kàpítéènì. Nígbà tó padà dé, ó ní òfin wọn ni pé omi ni, ṣùgbọ́n kàpítéènì ní a lè gbé e sí igun kan nínú ilé òtútù tí wọ́n ń kó ẹran sí, nítorí a ó rí Kútọnú ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Kò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti múra láti ná an, ó dùn mí díẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé kíá,” alásè wí.

“Kò tíì wẹ̀.”

“Ìyá mi, bí ẹ bá fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù. Ohun tó bá wọlé pẹ̀lú ooru, ó máa ń pẹ́ kó tó gba òtútù. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n.”

“Iṣẹ́ rẹ, ẹran ni. Ṣé ẹran ni ẹni yìí?”

“Mi ò wí bẹ́ẹ̀.”

“Bu omi gbígbóná wá, jàre.”

Mo wẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń wẹ òkú nílé wa, omi gbígbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fi òrí pa á lára títí ó fi ń dán. Mo wá fi kíjìpá àkọ́kọ́ wé e, mo fi èkejì lé e, mo fi ẹ̀kẹta dì í gbọn-in gbọn-in, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ní kí òtútù má mú un. Alásè dúró, ó ń wo ìdì náà, ó wá ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ méjì gbé e wọlé sáàárín àbọ̀ màlúù tí wọ́n so rọ̀. Inú mi dùn. Mo wò ó pé, nínú gbogbo ẹni tó kú sójú òkun, tiwa ni wọ́n tọ́jú jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, orin òkè dúró láàárín gbùngbùn. Gílóòbù méjèèjì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, wọ́n sì kú. Abẹ̀bẹ̀ irin ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń rọra kùn, títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ tó ti wà nínú eyín wa láti Abijáàn dáwọ́ dúró. Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ní ohùn. Òkùnkùn ọ̀sán burú ju ti òru lọ; èèyàn mọ̀ pé oòrùn wà níbì kan tó ń ràn fún ẹlòmíràn. Ewúrẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ooru dìde láti abẹ́ wa bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò.

Mo fọwọ́ tá ògiri gòkè. Alásè jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé òtútù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

“Kùráǹ kú,” ó wí. “Òtútù inú ilé yìí náà, òun ló ń ṣe é.”

“Ìgbà wo ni yóò jí?”

“Wọ́n ń wò ó. Bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn, òtútù tó wà nínú á dúró díẹ̀.”

Mo bá jókòó, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú tí ó sì mọ́. Mo gbọ́ pé lókè, àwọn òyìnbó ń fi àwo oúnjẹ fẹ́ ara wọn, ìyàwó oníṣòwò ńlá kan sì dákú nítorí pé ọtí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nísàlẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta kú, wọ́n sì fa ìyá arúgbó kan jáde tí kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará òkè rán àwọn ìránṣẹ́ wá kí wọ́n bu yìnyín nínú ilé òtútù. Mo ní kí wọ́n gbé èmi kúrò ná. Wọ́n wo ìdí mi, wọ́n wo ọ̀nà tóóró náà, wọ́n padà. Mo fi ojú ara mi rí i pé ìdí ńlá wúlò.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kàpítéènì fúnra rẹ̀ wá, nítorí pé ebi ń pa àwọn èèyàn rẹ̀. Mo dìde. Alásè ṣí ilẹ̀kùn, òórùn kan sì bá wa lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kọ́kọ́ wo àwọn màlúù. Alásè fọwọ́ kan ọ̀kan, ó le, ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ó kan èkejì, bákan náà ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kíjìpá, ó sì yọ ọ́ padà kíá.

“Ooru ṣì wà nínú rẹ̀, ìyá mi,” ó wí, kò sì wo ojú mi. “Aṣọ yìí kò jẹ́ kí òtútù wọlé.”

Ẹran màlúù wà bó ṣe wà. Èèyàn wa nìkan ló bàjẹ́, èyí tí mo wẹ̀ tí mo sì wé.

Kàpítéènì sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kọ ìwé kan tó wí pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, ó fún mi. Kò bínú. Mo yá ọ̀bẹ alásè, mo gé irun òkú náà àti èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mo di wọ́n sí etí gèlè mi. Wọ́n so irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sínú òkun. Mo fẹ́ sọ pé mo sunkún tàbí mo jà. Mo kàn dúró síbẹ̀, mò ń ka ìdì kíjìpá náà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí omi fi pa á dé.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí kùráǹ jí. Gbogbo gílóòbù tàn lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ̀bẹ̀ irin bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, orin sì bẹ̀rẹ̀ lókè láti ibi tó ti dúró. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sáàárín àwọn èèyàn, mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Irun àti èékánná yẹn la sin ní Manigri, nínú ibojì tó gùn tó èèyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi na ẹsẹ̀ tí sòbìà mú, ó bi mí léèrè.

“Ṣé o wẹ̀ ẹ́?”

“Mo wẹ̀ ẹ́.”

“Omi gbígbóná?”

“Omi gbígbóná.”

“Kíjìpá mi ń kọ́?”

“Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára rẹ̀. Òtútù ò mú un rárá.”

Ó mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, n kò tíì pa irọ́ tó wúwo tó òótọ́ yẹn láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú báyìí, ni mo fi ń sọ ọ́. Ìfẹ́ ló hun aṣọ, ìfẹ́ ló bu omi gbígbóná, ó sì jẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ rárá, tí kò mọ̀ ju ẹran lọ, ni ì bá gbé e délé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, n kò rí ẹ̀gbẹ́ tó sàn nínú rẹ̀.

Ohun kan kù tí n kò sọ fún un. Ní Kútọnú, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé wa láti inú ọkọ̀ sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, kí a tó gun afárá irin dé ilẹ̀. Akọ̀wé kan jókòó síbẹ̀, ó ń gba owó lórí olúkúlùkù ẹni tó bá gúnlẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní orúkọ méjì ló wà níhìn-ín fún mi, ẹnì kejì ń kọ́? Ó ní bó bá kú lọ́nà, kí n mú ìwé kàpítéènì wá, òun á pa orúkọ náà rẹ́, n kò ní san tirẹ̀. Ìwé náà wà ní àyà mi. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo ní ó ti kọjá lọ síwájú, kó kọ ọ́ pé ó dé. Ó kọ ọ́, mo sì san tirẹ̀ mọ́ tèmi. Láyé mi, n kò ra nǹkan kan rí láì ná an, àfi ilẹ̀ tí mo rà fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lórí ìwé òyìnbó lọ́jọ́ náà, ní fráǹkì márùndínlọ́gọ́rin.