Orin Tí Wọ́n Fi Ìgbálẹ̀ Lé Lára Mi

Gúrúùfù mẹ́tàlì, orin òyìnbó tí wọ́n ń fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun pariwo kọ, ni mò ń gbọ́ nínú yàrá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ tí ìyá mi fi lọ kó ẹgbẹ́ aládùúrà wá. Ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń bú ramúramù bẹ́ẹ̀. Lára tíráàṣì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń yára bí iná, ni orin náà ti mú ohùn gìtá líle, ṣùgbọ́n kì í sáré bíi tirẹ̀. Ṣe ló máa ń rọra balẹ̀ síni láyà bí ọmọ odó. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún?

Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n mú mi kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ nà mí. Olórí wọn ń bú "Jáde!" láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, àwọn yòókù ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ tẹ̀lé e. Àṣé gúrúùfù náà gan-an ni wọ́n ń ṣe! Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí náà ń jáde nìyẹn, wọ́n tún nà mí sí i. Ìyá mi ń ké Halelúyà.

Ní báyìí, èmi ni mò ń ta gìtá fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, orin ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì máa ń ta sábẹ́ ìyìn wọn. Ìyá mi a máa jó o tẹkúntẹkún, a ní Ọlọ́run ti dá ọmọ òun nídè. Mo mọ̀ pé eékún ń dùn ún. N kì í jẹ́ kí orin náà tètè tán.